Bàbá Mi Kì Í Ṣẹ́jú

Tí bàbá mi bá fẹ́ wo ojú mi báyìí, etí mi ló ń wò. Ẹni tí kò bá mọ̀ wá á rò pé ó ń bá mi jà ni, tàbí pé ẹnìkan ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo ti rí àlejò tó yíjú padà láti wo ẹni náà, tí kò sì rí ẹnìkankan. Iná kékeré kan tí kò ju bírò ìkọ̀wé lọ ló sọ ojú bàbá mi dà bẹ́ẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin ló sì gbé e wálé. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yẹn bò.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí a pàdánù, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ojú náà ń ṣe. Àgbẹ̀ ni bàbá mi ní Igbó-Ọrà níbí, ẹ̀gúsí àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn. Ewé àgbàdo ti gún un lójú òsì láti ìgbà tí mo wà ní kékeré, ojú yẹn kò sì ríran dáadáa mọ́. Ojú ọ̀tún nìkan ló kù, òun sì ni gbogbo àdúgbò wa fi ń gba ààwẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù, àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí á kóra jọ sí pápá ilé-ìwé, wọn á kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, wọn á máa na ọrùn. Bàbá mi kì í na ọrùn ní tirẹ̀. Á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á dúró jẹ́ẹ́, á la ojú kan ṣoṣo yẹn sílẹ̀. Tó bá yá, á ní, "Òun nìyẹn." Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Lẹ́mọ́mù kì í bi í lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ju àwọn yòókù lọ ni pé kì í ṣẹ́jú. Bàbá tirẹ̀ ló kọ́ ọ. Oṣù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé máa ń rí tín-ín-rín, inú ọyẹ́ àti èéfín igbó tí àwọn èèyàn ń sun ló sì máa ń fara pamọ́ sí. Ó ní tí èèyàn bá ṣẹ́jú, ó ti sọ ibi tó ń wò nù nìyẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń fi ṣeré, èmi àti òun: a ó jókòó kọjú síra wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣẹ́jú ló pàdánù. Mi ò borí rí. Omi á máa dà lójú mi, òun á kàn máa wò mí, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fẹ́ràn eré yẹn gan-an, torí pé kò sí ìgbà mìíràn tí bàbá mi ń ráyè wò mí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ ni àbúrò mi ní Abẹ́òkúta. Kì í wálé lọ́wọ́ òfìfo, kì í sì í wálé láìsí àlàyé. Nígbà tí ààwẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, iná lésà aláwọ̀ ewé ló gbé wá. Ó ní òun fẹ́ fòpin sí ariwo orí pápá, nítorí pé tí Bàbá bá ti rí oṣù, iṣẹ́ tó máa ń kù ni kí àwọn yòókù mọ ibi tó wà. "Lókè ọ̀pẹ yẹn." "Ọ̀pẹ wo?" "Èyí tó tẹ̀ yẹn." "Èwo ló tẹ̀?" Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Bàbá ní, "Òun nìyẹn," àbúrò mi sì tẹ iná rẹ̀. Ìlà aláwọ̀ ewé kan na tààrà láti ọwọ́ rẹ̀ wọ inú ojú ọ̀run, bí okùn tí wọ́n so mọ́ ọ̀run. Ó ní, "Ẹ wo orí ẹ̀, ibẹ̀ loṣù wà." Gbogbo pápá pariwo. Àwọn àgbàlagbà ń fi ọwọ́ pa á lórí.

Bí a ṣe ń bọ̀ nílé, ó ń fi iná náà ṣeré lójú ọ̀nà. Ó tàn án sára páànù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn sórí ilé kan, iná náà ta padà, ó sì bá ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìdèrè lójú. Ọ̀kadà rẹ̀ yà bàrà, díẹ̀ ló kù kó wọ gọ́tà. Ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀, ó bú u dáadáa.

Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Kò lè ṣe yín ní nǹkan kan. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé agbára ẹ̀ kéré."

Bàbá mi gbọ́ ọ. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ nípa iná yẹn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: agbára rẹ̀ kéré. Bébà aláwọ̀ ìyeyè kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi òyìnbó kọ nǹkan sí. Bàbá mi kò ka òyìnbó. Ẹni tó ń fi òyìnbó jẹun nínú ilé wa kò sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Nígbà tó ń padà lọ, ó fi iná náà sílẹ̀. "Bàbá, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ dìgbà tí a ó fi wo oṣù ìtúnu." Bàbá mi sì tọ́jú rẹ̀, inú àpò ẹ̀wù rẹ̀ ló ń gbé. Mo rò pé ó ń fi yangàn díẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tí a máa wo oṣù ìtúnu ni nǹkan bà jẹ́. Wọ́n ti kírun Àlàásárì tán. Mo wà nílé Bàbá, mò ń bó ẹ̀gúsí tí a máa fi se ọbẹ̀ ìṣínu, òun sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó yọ iná náà jáde, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá ó ṣì ń tàn, kó má lọ dójú ti àbúrò mi lórí pápá. Ó tẹ̀ ẹ́ sí ara ògiri tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Oòrùn ń ràn kanrin, kò rí nǹkan kan. Ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò rí nǹkan kan.

Ó ní, "Ó jọ pé bátìrì ẹ̀ ti kú."

Ẹni tó bá ti sùn sí abúlé oko rí mọ bí a ṣe ń dán tọ́ọ̀ṣì wò. O ó tẹ̀ ẹ́, o ó yí ẹnu rẹ̀ sí ara rẹ, o ó wo gílóòbù rẹ̀ bóyá ó pọ́n tàbí ó funfun. Gbogbo wa là ń ṣe é, kò sì pa ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí bàbá mi ṣe náà nìyẹn. Ó dí ojú òsì tí kò wúlò tẹ́lẹ̀, ó gbé ẹnu iná náà súnmọ́ ojú ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ń wá gílóòbù nínú rẹ̀. Bó ṣe máa ń wá oṣù ló ṣe ń wá a.

Mo rí àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ṣé kò gún yín lójú?"

"Ó ń tàn," ló wí, inú rẹ̀ sì dùn. "Ó ń tàn dáadáa."

Nígbà tó gbé e kúrò, ó ní nǹkan aláwọ̀ ewé kan jókòó sí àárín ibi tí òun ń wò, pé á lọ. Àwọ̀ ewé náà lọ lóòótọ́. Dúdú ló gbapò rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, orí pápá kún. Àbúrò mi ti dé, ó ti gba iná rẹ̀, ó gbé e dání, ó ń retí. Bàbá mi ká ọwọ́ sẹ́yìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó dúró pẹ́. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́, ó nu ojú. Mi ò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ lórí pápá rí. Lẹ́mọ́mù bi í, ó ní kí wọ́n ní sùúrù. Lẹ́mọ́mù tún bi í.

Ó ní, "Mi ò rí i."

Ẹlòmíràn ló rí i, ọmọ àlejò kan tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Àbúrò mi tan iná sí i, wọ́n pariwo. Bàbá mi tọpa iná náà dé òkè, ó ní ìlà rẹ̀ lòun ń rí, ohun tó wà lórí rẹ̀ ni kò sí.

Lẹ́yìn ìtúnu, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó wà nílùú níbí. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, kò rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa lọ bá dókítà ojú n'Ìbàdàn. Obìnrin ni dókítà náà. Ó ya àwòrán inú ojú Bàbá lọ́hùn-ún, ó sì fi àpá kékeré kan hàn wá láàárín gbùngbùn ibi tí èèyàn fi ń wo nǹkan. Ó ní ibẹ̀ ti jóná. Ó ní kò sí awò tó lè tún un ṣe, kò sí oògùn, pé ó lè fúyẹ́ díẹ̀ tó bá pẹ́, ó sì lè má fúyẹ́.

Ó bèèrè pé ta ló ni iná.

Àbúrò mi ní, "Èmi ni, mà. Ṣùgbọ́n agbára ẹ̀ kéré."

"Irọ́ pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ sára irú iná yìí," ni dókítà wí. "Ká tiẹ̀ ní òótọ́ ni. Kéré tí wọ́n ń wí yẹn, wọ́n gbà pé ojú á ṣẹ́ ni. Ìpéǹpéjú máa ń pa dé fúnra ẹ̀ kí iná tó ráyè ṣe é ní nǹkan. Àbí Bàbá ò ṣẹ́jú ni?"

Bàbá tẹ orí ba. Èmi ni mo sọ ọ́: "Bàbá mi kì í ṣẹ́jú, mà." Dókítà wò mí bíi pé mò ń ṣàwàdà.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀. A ò gbọdọ̀ tàn án sójú èèyàn. A ò gbọdọ̀ tàn án sára páànù tàbí gíláàsì, torí pé á ta padà. A ò gbọdọ̀ tàn án sí ẹni tó ń wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà, tàbí sí ọkọ̀ òfuurufú. Kó má ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọmọdé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo ẹnu rẹ̀, kódà kó dá a lójú pé bátìrì ti kú, torí pé nínú oòrùn, èèyàn kì í rí i tó bá ń ṣiṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni àbúrò mi ń mi orí sí. Nígbà tí a jáde, mo bi í bóyá ó ka bébà ìyeyè yẹn.

"Mo kà á, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé wọ́n kàn máa ń kọ irú ẹ̀ sára nǹkan ni."

Mo ń kí i. Mo ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ tó bá wálé. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dárí jì í, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé mo ti dárí jì í.

Bàbá mi fi ọdún kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń ríran lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tó bá kọjú sí gan-an ni kò ní rí. Tó bá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ohun náà á yọ sí i ní etí ojú. Bó ṣe ń ṣa ẹ̀gúsí nìyẹn, bó ṣe ń mọ ẹni tó wọlé nìyẹn. Ohùn ló fi ń mọ èèyàn lójú ọ̀nà. Kò ráhùn rí. Ì bá ráhùn, ì bá rọrùn fún mi.

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e dé, ó ní òun ń lọ sí pápá. Mo tẹ̀ lé e, mo ṣe bíi pé ẹní rẹ̀ ni mo bá a gbé. Àbúrò mi ti débẹ̀, ó ti ra iná mìíràn, ó sì ń kéde fún tọmọdé tàgbà: "Ẹ má wo ẹnu ẹ̀ o! Ó léwu o!" Ẹ wo bó ṣe wá mọ̀ ọ́n sọ.

Oòrùn wọ̀. Bàbá mi kọjú sí táǹkì omi ilé-ìwé tó wà lápá ọ̀tún, ó na ọwọ́ sí apá òsì, ó ní, "Òun nìyẹn."

Àbúrò mi tan iná, ibi tí ojú Bàbá kọ sí ló tàn án sí, lókè táǹkì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bàbá àgbà kan ní, "Bàbá, ibi tí ẹ nawọ́ sí kọ́ lẹ ń wò." Bàbá mi ní òun mọ bí òun ṣe ń lo ojú òun. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì fi ikọ́ bò ó. Èmi wo ọwọ́ rẹ̀, mi ò wo ojú rẹ̀. Mo tọpa ìka náà kọjá orí ọ̀pẹ, oṣù sì wà níbẹ̀, tín-ín-rín, ó dùbúlẹ̀ sínú èéfín.

Mo pariwo, "Mo rí i! Èmi náà rí i!"

Kí àwọn yòókù tó yíjú, èéfín ti bò ó. Lẹ́mọ́mù wá bá mi. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o. Ọlọ́hun á san yín lẹ́san." Ó sì yíjú sí ìjọ, ó ní wọn ò rí oṣù.

Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, rédíò kéde pé wọ́n ti rí oṣù níbòmíràn, gbogbo àdúgbò sì jí ṣe sààrì. Kò sẹ́ni tó wá sílé wa láti sọ ohunkóhun fún bàbá mi. Àbúrò mi tiẹ̀ tẹ̀ mí láago, ó ní kí n bá òun sọ fún Bàbá pé oṣù ti lé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń ti orí pápá bọ̀, rédíò kò tíì sọ nǹkan kan. Bàbá mi ń rìn níwájú mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé onípáànù tuntun yẹn, ó dúró.

"Ṣé o rí i ni, àbí o kàn fẹ́ gbè mí lẹ́yìn?"

"Mo rí i, Bàbá."

Ó fẹ́ mọ̀ bóyá irọ́ ni mò ń pa fún un. Ó yíjú kúrò lára mi, ó kọjú sí ògiri ilé onílé, kó lè rí ojú mi. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo la ojú mi méjèèjì sílẹ̀ fún un. Omi ń dà, mi ò sì ṣẹ́jú.