Iyanrìn tí A Kó Sílẹ̀ De Mọlémọlé

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Allah tí ó jẹ́ kí n dàgbà tó ẹni tí ń rántí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn, ṣùgbọ́n ọpẹ́ Rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Fidjrossè ni a ń gbé, ní Kùtọnù. Ará Ṣakété ni àwọn òbí mi. Télọ̀ ni bàbá mi. Yàrá méjì alámọ̀ ni ilé wa, páánù orí rẹ̀ ti dípẹtà, ó lu jára bí asẹ́. Tí òjò bá ń rọ̀, ìyá mi á to abọ́ sílẹ̀, àwa ọmọ mẹ́ta á sì sùn yí abọ́ ká. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí: ìgbà Ìyípadà tí àwọn ológun ń ṣèjọba nìyẹn, tí gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn ní kámárádì, tí a ń roko iléèwé kí a tó kàwé. Sìmẹ́ǹtì ṣọ̀wọ́n. Ọdún méjì ni bàbá mi fi wá èyí tí a ó fi rẹ́ ògiri wa.

Nígbà tí ó rí i, ó ní kí a palẹ̀ ilé mọ́ de Bàbá Sàlámì, mọlémọlé, nítorí òjò kò ní pẹ́ dé. Ìyá mi di ẹrù: ìkòkò, ẹní àti àpótí aṣọ ọdún, a kó wọn sọ́dọ̀ Ìyá Ràsákì, aládùúgbò wa. Èmi àkọ́bí ni bàbá mi fi iyanrìn lé lọ́wọ́. Ó yá kẹ̀kẹ́ ẹrù fún wa, ó ní, "Sìkírá, kòtò ọ̀nà Godomey ni kí ẹ ti kó o o. Ẹ má lọ ibòmíràn."

Ọ̀nà Godomey jìn, oòrùn sì mú. Òkun wà nítòsí, iyanrìn rẹ̀ sì funfun nini. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi kó o. A ń lé alákàn, a ń jẹ àkàsà àti ẹja díndín tí ìyá mi dì fún wa nítorí ọ̀nà jíjìn. Mo ní kí àwọn àbúrò mi má sọ. Nígbà tí bàbá mi rí òkìtì náà, ó gbàdúrà fún wa. Àdúrà yẹn ṣì ń dùn mí.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó ṣí gbogbo páánù orí ilé kúrò, kí mọlémọlé lè rẹ́ ògiri dé òkè. Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá Sàlámì dé, ó bu iyanrìn, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù.

"Kámárádì télọ̀, ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ kí n sè ni? Iyanrìn òkun nìyí. Tí mo bá fi rẹ́ ògiri, kò ní pẹ́ ṣí."

Bàbá mi yíjú sí mi. Pàṣán ni mo ń retí. Kò nà mí. Ó ní, "Ẹ máa pọn omi dà sí i."

Mọlémọlé lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, ó ní kí a ránṣẹ́ sí òun tí iyọ̀ bá tán. A ń fa omi kànga títí àtẹ́lẹwọ́ wa fi bó. Ìyá mi á tọ́ ọ wò, á ní, "Ó ṣì wà níbẹ̀." Ní ọjọ́ kẹrin, òjò dé. Ó rọ̀ di ọjọ́ kejì. Ògiri amọ̀ tí kò ní òrùlé rọ̀, ó sì wó. Sìmẹ́ǹtì inú yàrá di òkúta.

Nígbà tí òjò dá, bàbá mi lọ síbi òkìtì náà, ó tọ́ iyanrìn wò. Ó ní, "Ó ti mọ́."

Ìyá mi kó wa lọ sí Ṣakété. Bàbá mi ń sùn nínú ìsọ̀ ìránṣọ kan ní Godomey, títí òun yóò fi rí sìmẹ́ǹtì mìíràn. Kò rí i kí ó tó kú. Àwa márùn-ún kò tún sùn lábẹ́ òrùlé kan mọ́.

Lóde òní, sìmẹ́ǹtì kún gbogbo ìsọ̀. Mo ń tún ilé mi ní Ekpè ṣe, èmi nìkan ni mo palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ mi wà lókè òkun. Nígbà tí ọkọ̀ da iyanrìn sílẹ̀, mo bu díẹ̀ sẹ́nu. Ọ̀dọ́mọkùnrin mọlémọlé rẹ́rìn-ín: "Màmá, kì í ṣe gàrí o." Iyanrìn náà mọ́. Ẹni tí ǹ bá sọ ọ́ fún kò sí mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òjò bá ilé yín ní ṣíṣí. Kí Ó jẹ́ kí ẹ̀yin àti àwọn ènìyàn yín jọ sùn pẹ́ lábẹ́ òrùlé kan. Àmín.