Ẹ̀jẹ̀ Tí Àǹtí Mi Bi Léèrè

Kí àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, tó gún ènìyàn lábẹ́rẹ́, wọn a kọ́kọ́ fi ọwọ́ ra ọwọ́ kí ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọn a ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀jẹ̀ yín ni mo fẹ́ bi léèrè."

Àrùn tó máa ń tọ ìdílé ni wọ́n ń ṣèwádìí ní yunifásítì. Nígbà tí àtọ̀gbẹ pa bàbá àgbà, tó tún pa bàbá mi, àwọn ẹbí wa ní Ṣakí sọ pé ìyá àgbà ló fi àjẹ́ pa wọ́n. Àǹtí wálé, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tẹbí-tará, wọ́n béèrè ohun tó pa àwọn òkú ilé wa, wọ́n sì lọ fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n padà dé, ojú gbogbo ẹbí ni wọ́n ti kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà.

"Ìyá mi, àìsàn yìí ti wà nílé ọkọ yín kí ẹ tó débẹ̀. Ohun kéékèèké púpọ̀ tí à ń jogún nínú ẹ̀jẹ̀ ló pawọ́ pọ̀ fà á. Ẹ ò pa ẹnikẹ́ni."

Àwọn àgbà ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ìyá àgbà ò wojú wọn. Àwa ọmọọmọ ni wọ́n nawọ́ sí.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Ó lè wà lára wọn, ìyá mi. Ṣùgbọ́n a ó máa ṣọ́ ọ."

Ìyá àgbà kó wa mọ́ra, wọ́n sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí bàbá mi ti kú.