Ọ̀pá Ìyá àti Oúnjẹ Labalábá

Ọ̀pá ìtilẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, fi ń dá ẹnikẹ́ni tó bá gbé oògùn apakoríko wọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Òmù-Àrán dúró. Ó jẹ́ kí imí-eṣú àti yúnyun kún ibẹ̀, torí omi òdòdó wọn ni labalábá ń mu. Kòkòrò a sì máa jẹ ewé ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ̀. Mo ní ká ṣà wọ́n dànù. Ìyá dá mi lóhùn pé:

“O fẹ́ labalábá, o ò fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ṣé ìwọ náà rẹwà lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ ni?”

Ìyá kú. Kí àlejò ìsìnkú má baà rí igbó, àwọn ọkùnrin ìjọ wa fi oògùn apakoríko fín gbogbo ẹ̀yìnkùlé náà, wọ́n tún gé ọsàn wẹ́wẹ́ kí àga lè ráyè. Wọn ò bi ẹnì kankan nínú ẹbí. Mo sọ fún olórí wọn pé ohun tí Ìyá ń ṣọ́ gan-an ni wọ́n pa.

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. A fẹ́ kó mọ́ fún Ìyá ni. A máa tún un fín kí ogójì ọjọ́ wọn tó pé.”

Òjò ti rọ̀. Imí-eṣú ti ń yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀pá náà wà.