Ó Ti Yé Mi, Mà

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí, ọmọ bíbí Òmù-Àrán. Olùkọ́ ni bàbá mi, olùkọ́ ni bàbá tó bí i, èmi náà sì kọ́ni títí ìjọba fi ní kí n lọ sinmi. N kò sinmi. Orí fóònù ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò báyìí, mo sì ń fi í yangàn láàárín ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọbìnrin kan ní Òkè-Ọdẹ ń wá ọ̀nà wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ìṣirò ti gbé e ṣubú rí nínú ìdánwò ìwọlé, ìyá rẹ̀ sì ti búra pé bí ó bá tún ṣubú, ìránṣọ ni yóò lọ kọ́. Ìdá ni kò yé e. Mo bi í pé:

"Hóró oògùn mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ rẹ. Ìdajì hóró ni aláìsàn ń lò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀melòó ni yóò lò ó kí ó tó tán?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, mà."

Mo ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejìlá. Ó ní kò yé òun. Mo tún un wí gẹ́lẹ́ bí mo ti wí i tẹ́lẹ̀, ohùn mi nìkan ni mo gbé sókè.

"Kò yé ọ kẹ̀? Ṣé inú apẹ̀rẹ̀ ni mo ń bu omi sí láti àárọ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Ó ti yé mi."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí kì í yé e. Mo sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ àgbà kò yé òun, bí ẹni ń fẹ̀sùn kan àgbà ni. Nínú kíláàsì, ojú ọmọ ni ǹ bá wò. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, ó ti pa fídíò tirẹ̀ kí dátà má baà tán. Ojú ara mi nìkan ni mo ń rí, ó sì wù mí í wò.

Ó ṣubú. Ìyá rẹ̀ pè mí, ó ń dúpẹ́.

"Ẹ kú wàhálà wa, mà. Ọmọ náà ni kò lórí ìwé."

Ó yẹ kí n já a ní koro. Mo dáhùn pé, "Kí Olúwa bá wa ṣe é."

Nígbà tó yá, mo pe ọmọ náà: kí ó wá bá mi nílé, ká jọ jókòó, ká tún un bẹ̀rẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

"O gbà á," ni mo wí, bí ẹni pé ìṣirò ló ṣe. N kò mọ ohun tí olùkọ́ ń sọ tẹ̀lé e.