Sípíríǹgì Tí Ọ̀gá Mi Gé

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì l'Abẹ́òkúta ti darúgbó. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé ní Dagenham nílùú London báyìí, níbi tí kò ti rí nǹkan ṣe ju kó máa wo tẹlifíṣọ̀n lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Heathway lójoojúmọ́. Bó bá ti wọlé, màá dọ̀bálẹ̀ tòun ti gíríìsì lára aṣọ, àwọn oníbàárà á máa wò wá bí ẹni ń wo sinimá.

Lọ́jọ́ kan, òyìnbó kan gbé alùpùpù orí yìnyín wá, èyí tó ní bàtà gbọọrọ méjì níwájú dípò táyà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Yìnyín Dagenham kì í bo ẹsẹ̀ adìyẹ, ṣùgbọ́n Norway ló ń gbé e lọ, síbi tí kò sí ilé kankan nítòsí. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ni, irú èyí tí à ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀. Mo tàn án, mo fín oògùn tí a fi ń fọ bíréèkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ síìlì, ìyẹn òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà lójú ẹsẹ̀. Síìlì ti jẹ nìyẹn. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, písítìnì á jó, ẹni tó ń gùn ún á sì há sínú òtútù.

Mo ti ra tuntun méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún ìhà kọ̀ọ̀kan ẹ́ńjìnnì. Bí mo ṣe yọ èyí tó ti jẹ náà, ọ̀gá mi gbà á lọ́wọ́ mi.

"Èyí lo fẹ́ jù nù? London ti bà yín jẹ́ jàre. Mú ẹ̀mú wá."

Ó yọ sípíríǹgì tín-ín-rín inú rẹ̀, ó gé e kúrú, ó so ó padà kí rọ́bà lè fún. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé nígbà tí a kò rí tuntun rà. Ó ń rẹ́rìn-ín; ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n rọ́bà ọ̀hún ti gan, kò sí sípíríǹgì tó lè tún un ṣe. Mo mọ̀.

"Ẹ ṣeun, sà. Ọwọ́ àgbà ni."

Òun fúnra rẹ̀ ló dá a padà sínú ẹ́ńjìnnì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó dé, mo tú u, mo fi tuntun síhà méjèèjì, mo ju tirẹ̀ sínú agolo ìdọ̀tí. Nígbà tí òyìnbó náà wá gbé ẹrù rẹ̀, ọ̀gá mi ló bọ̀ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Sunday, ọ̀gá mi jẹ́rìí nípa iṣẹ́ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nínú aṣọ funfun rẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́. Mo rò pé mo gbọ́n, òmùgọ̀ ni mí.

Lọ́jọ́ Monday, ó fẹ́ ju ìwé tó fi nu imú sínú agolo. Ó rí síìlì náà, ó sì mọ ibi tó ti so sípíríǹgì.

"Ò bá ti sọ fún mi."

"Ẹ má bínú, sà."

"Bó o bá ṣi iṣẹ́ ṣe lọ́dọ̀ mi, ṣé mo máa ń dákẹ́?"

Kò dákẹ́ rí. Á gbá mi létí, á sì fi bó ṣe yẹ kó rí hàn mí.

Ó ki síìlì náà bọ àpò, ó lọ, kò sì wá mọ́. Inú bí mi sí ìlú yìí, inú bí mi sí ẹ̀kọ́ ilé tó ní ká má já àgbà nírọ́, àmọ́ àwáwí ni gbogbo ìyẹn. Bó bá jẹ́ òyìnbó yẹn ló ṣàṣìṣe, ojú ẹsẹ̀ ni ǹ bá ti sọ fún un. Ọ̀gá mi nìkan ni mo tàn bí ẹni ń tan ọmọdé.