Bàlúù Tó Dúró De Bàbá Àgbà

Lọ́dọọdún tí mo bá fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní ẹ̀kọ́ nípa bàlúù, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé bàlúù tó gbéra láàárọ̀ lè má gbéra lọ́sàn-án. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ojú bàbá mi ló fà á. Àìsàn kan ń jẹ ojú wọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, bí ẹni tó ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ṣe ń ríran, dókítà sì ní ìyẹn gan-an ò ní pẹ́ lọ. Bàbá wá ní ohun kan ṣoṣo làwọn fẹ́ fi ìyókù ojú náà rí: bàlúù kékeré oníbátìrì tí èmi ọmọ wọn fi fóòmù kàn. Mo gbé e wálé sí Ìkirè. Láàárọ̀ Sátidé, a lọ sí pápá ilé-ìwé kan ní Àpòmù. Afẹ́fẹ́ tutù, inú mi ń dùn. Bàbá bá ní rárá.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì dé. Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan lẹ́yìn àgbà?"

Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n wọn, ń bọ̀ láti Orílẹ̀-Òwu. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Tí oòrùn bá mú, afẹ́fẹ́ á fẹ́lẹ́, apá bàlúù ò ní rí nǹkan gidi fara tì. Á ní láti sáré jìnnà kó tó gbéra, pápá yìí ò sì gùn."

"Gírámà ẹ ti pọ̀ jù. Jókòó."

Mo jókòó. Inú ń bí mi gidigidi.

Ọ̀sán gangan ni Bàbá Àgbà dé, tẹ̀rín-tẹ̀rín, pẹ̀lú dòdò Ìkirè tí wọ́n fi ewé wé. "Ọkọ̀ tí ò ru nǹkan, ìyẹn ò tíì di ọkọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n ní kí n kó o sínú bàlúù. Yéè! Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi bó mi: ẹrù ń fà á wálẹ̀, apá ń gbé e sókè, mọ́tò ń tì í síwájú, afẹ́fẹ́ ń fà á sẹ́yìn, ẹni tó bá fi kún ẹrù gbọ́dọ̀ wá eré kún un. Bàbá ní kí n má dójú ti àwọn. Mo ki dòdò bọ inú ẹ̀.

Ó sáré, ó sáré, igi kòkó ìparí pápá ń súnmọ́. Ó gbéra díẹ̀. Nítorí igi yẹn, mo fi rìmóòtù ọwọ́ mi fa imú ẹ̀ sókè jù, eré ẹ̀ sì kéré. Afẹ́fẹ́ bọ́ lórí apá ẹ̀, ó já lulẹ̀ gbì. Mọ́tò fọ́.

"Ó dà?" Bàbá ń wo òkè káàkiri. "Ṣé ó ti lọ?"

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Kí n tó rí mọ́tò mìíràn, ọdún ti yí. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá Àgbà wá sùn sí Ìkirè kí wọ́n má baà pẹ́. Àwọn gan-an ló jí wa, wọn ò mú dòdò kankan dání. Kí oòrùn tó mú, bàlúù ti gbéra wẹ́rẹ́, ó ga ju igi kòkó lọ, ó ń yí pápá ká. Bàbá mi di aṣọ mi mú, wọ́n gbójú sókè síbi tí kò sí.

"Apá ọ̀tún, Bàbá."

Wọ́n yíjú. Bátìrì ti ń lọ sílẹ̀, mo sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, mo pa á.

"Mo ti rí i o!" ni Bàbá wí, ojú wọn ṣì wà lókè. "Àṣé ó máa ń ga tó báyìí?"

Bàbá Àgbà wo bàlúù tó wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa.

"Ó ga, àbúrò mi," ni wọ́n dáhùn. "Ó ga gan-an."