Ta Ló Fi Rọ́bà Dí Ihò Ìsàlẹ̀ Ọkọ̀ Náà?

Àlàájì tí mo wa ọkọ̀ fún ní ọdún mẹ́rin gbáko ni ó ṣẹ̀ mí. Ọjọ́ Àlàmísì kejì nínú oṣù Ṣààbánì ni, lẹ́yìn ìrun Àsárì, nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Kúdáyì ní ìlú Mẹ́kà, níwájú àwọn àgbà Yorùbá méje tí òun fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe orúkọ tirẹ̀ ni mo fẹ́ bà jẹ́. Orúkọ tèmi tí ó bà jẹ́ ni mo fẹ́ gbà padà. Ìwé kẹrin ni mo kà dé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi kọ ohun tí ẹ ń kà yìí, ìkannú ni mo sì fi kọ ọ́.

Àwọn ọdún tí kéréènì yí Mọ́sálásí Hárámù ká ní Mẹ́kà, tí wọ́n ń wó ilé àtijọ́ ní àdúgbò Ṣúbáíkà láti fẹ̀ ẹ́, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Jẹ́dà ni mò ń gbé nígbà náà, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí èbúté. Àlàájì ní ilé tí ó ń gba àwọn tí wọ́n wá ṣe Úmírà láti Nàìjíríà sí ní Mẹ́kà. Èmi ni mò ń fi jíìpù funfun gígùn rẹ̀ kó wọn láti pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà, tí mo sì ń kó wọn padà nígbà tí wọ́n bá ń relé. Ọ̀dọ̀ mi ni jíìpù náà ń sùn.

Ẹni tí kò bá gbé Jẹ́dà rí kò lè mọ ohun tí òkun ń fi ojú irin rí. Mo gbọ́ pé ní àwọn ìlú òtútù, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́, tí iyọ̀ náà á sì máa jẹ ọkọ̀ wọn. Ní Jẹ́dà, ẹnikẹ́ni kì í da iyọ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e wá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wàá bá ara ọkọ̀ tí ó tutù rinrin bí ẹni pé òjò rọ̀ sí i. Fi ìka kàn án, fi ìka náà kan ahọ́n, iyọ̀ ni. Eruku aṣálẹ̀ á wá lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì ní pẹ́ tí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn á fi máa ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.

Bàbá mẹkáníìkì kan, ará Yẹ́mẹ̀n, ni ó kọ́ mi ní ìtọ́jú. Ó ní, "Òkè ọkọ̀ ni ti ẹni tó ni ín. Ìsàlẹ̀ ni ti dírẹ́bà." Mo di ọ̀rọ̀ náà mú. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí a bá ti kírun tán, mo máa ń fi omi tí kò níyọ̀ wọ́n abẹ́ jíìpù náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo máa ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ kí oòrùn gbẹ ẹ́, mo sì máa ń fi búrọ́ṣì kékeré kun gíríìsì sí gbogbo ibi tí irin ti pàdé irin. Nínú búùtù, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí táyà sípíà ń gbé, ihò méjì wà tí a fi rọ́bà dí. Mo yọ rọ́bà méjèèjì, mo fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ ìjókòó mi.

Ìdí tí mo fi yọ wọ́n ni omi Sámúsámù, omi mímọ́ inú kànga Mẹ́kà. Kò sí èrò wa tí kì í gbé omi náà relé. Ẹlòmíràn á gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin: ti ìyá, ti àna, ti aláìsàn, ti ọmọ tí wọn kò tíì bí. Kẹ́ẹ̀gì yìí kò ní kí ó má jò. Bí ihò bá wà ní ṣíṣí, ohun tí ó bá jò á kán jáde, irin á gbẹ.

Ní ọjọ́ kan, a ń di ẹrù sínú ọkọ̀ níwájú ilé Àlàájì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ jíìpù.

"Dírẹ́bà, kí ló ń kán sílẹ̀ yẹn?"

"Kẹ́ẹ̀gì kan ló ń jò, Àlàájì."

"Omi wo ló wà nínú ẹ̀?"

"Sámúsámù ni, sà."

Ó káwọ́ lérí. "Sámúsámù! Lójú títì! Tí àwọn èèyàn ń fi bàtà tẹ̀! Àsítàgifírúláì! Ṣé ẹ̀rù Ọlọ́run ò bà ẹ́ ni?"

Mo ní, "Àlàájì, tí kò bá jáde, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni yóò dúró sí. Irin á dógùn-ún."

"Omi tó ń wo àrùn ni yóò wá ba irin jẹ́? Gbé rọ́bà yẹn wá fún mi."

Mo gbé e fún un. Ó ká apá jàlàbíà rẹ̀, ó tẹrí bọ inú búùtù, ó sì fi àtàǹpàkò ara rẹ̀ tẹ rọ́bà méjèèjì wọlé, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àlàájì, ẹ ti di mẹkáníìkì! Ẹ rọra o, ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn yín." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó gbórí jáde, ó na ìka sí mi: "Ọjọ́ tí mo bá tún rí i pé o yọ ọ́, ọjọ́ náà ni a ó pínyà. Má sì sá kápẹ́ẹ̀tì yẹn sóòrùn. Ìbùkún ló wà níbẹ̀."

Ọkọ̀ rẹ̀ ni. Mo gbà. Bí mo bá ti dé Jẹ́dà, mo máa ń fi táwẹ̀lì tẹ ojú kápẹ́ẹ̀tì, mo sì máa ń fún omi rẹ̀ sídìí igi kan lẹ́yìn ilé, kí ẹsẹ̀ má baà tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n tìmùtìmù fóòmù wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì náà, ohun tí tìmùtìmù bá mu, táwẹ̀lì kì í rí i gbà. Ó lé ní ọdún kan tí búùtù náà fi ń rùn bí ilẹ̀ kànga, tí ooru Jẹ́dà ń sè é.

Àkókò àyẹ̀wò ọkọ̀ tí ìjọba máa ń ṣe dé, mo gbé jíìpù náà lọ. Ọkùnrin tí ó yẹ̀ ẹ́ wò wọ abẹ́ rẹ̀, ó tan iná sí i, ó bi mí ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀, nítorí pé abẹ́ ọkọ̀ Jẹ́dà kì í mọ́ bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn. Nígbà tí ó dé abẹ́ búùtù, ó fi sùkúrúdiráfà kàn án. Irin iṣẹ́ náà wọlé bí ìgbà tí èèyàn ń gún búrẹ́dì. Ó ní "kálásì", pé ó ti tán, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ náà kò yege.

Bí Àlàájì ṣe pe ìpàdé nìyẹn. Ó sọ fún àwọn àgbà pé etí òkun ni mò ń gbé ọkọ̀ òun sí, pé n kì í fọ̀ ọ́, pé iyọ̀ ti jẹ ẹ́ tán. Mo dìde.

"Àlàájì, ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín dí ihò náà. Omi Sámúsámù tí kò ríbi gbà jáde..."

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. "Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ nǹkan tó tẹnu ẹ̀ jáde! Ó ní Sámúsámù ló ba ọkọ̀ mi jẹ́!"

Pálọ̀ náà dàrú. Ẹnìkan kígbe pé, "Oníwèé kẹrin fẹ́ kọ́ wa lẹ́sìn!" Bàbá tí ó dàgbà jù gbé ọwọ́ sókè, ó kọjú sí mi: "Ṣé Sámúsámù ló bà á jẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti sọ̀rọ̀ òdì sí omi Ọlọ́run. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, a jẹ́ pé ìmẹ́lẹ́ mi ni. Àlàájà, ìyàwó rẹ̀, gbé tíì wọlé ní àkókò náà gan-an. Mo yíjú sí i. "Àlàájà, ẹ wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ rí." Ó gbé àwo náà kalẹ̀, ó fa ìborí rẹ̀ síwájú. Ó ní, "Ẹ mu tíì yín, kó má tutù," ó sì jáde.

Wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì, mo dọ̀bálẹ̀. Títí di òní, ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni ó ń bí mi nínú jù lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ohun tí àtàǹpàkò ẹlòmíràn ṣe. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, mo wọ ọkọ̀ èrò padà sí Jẹ́dà, ojú ọ̀nà ni èsì tí ó yẹ kí n fún wọn ti wá sọ́kàn mi: òjò pàápàá, àánú Ọlọ́run ni, ó sì ń mú páànù dógùn-ún. Ta ni yóò ní ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ bú òjò?

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti di "ẹni tó bú Sámúsámù" láàárín gbogbo Yorùbá tó wà ní Jẹ́dà. Kò sí Àlàájì kan tí ó tún fún mi ní ọkọ̀ wà. Ẹrù ni mo lọ ń rù ní èbúté. Aládùúgbò mi, tí ó jẹ́ ọmọlẹ́yìn Jésù, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti bá omi parí ìjà?" Ìyá mi pè mí láti ilé, ẹkún ni ó ń sun, ó ní ṣé òótọ́ ni ohun tí àwọn tí ó ti Mẹ́kà dé ń sọ. Ìyá tí mo fi omi náà ránṣẹ́ sí lọ́dọọdún!

Ẹ̀yin tí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí, n kò ní kí ẹ ṣèdájọ́ lórí omi Sámúsámù. Mo gbà á gbọ́, mo sì ń mu ún. Ẹ bá mi ṣèdájọ́ ẹni tí ó fi rọ́bà dí ihò. Bí ẹ bá rí ẹ̀bi lọ́wọ́ mi, ẹ sọ ọ́, n ó gbà á. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ sọ bóyá kò yẹ kí Àlàájì pe àwọn àgbà méje kan náà jọ, kí ó sọ fún wọn pé òun ni, kí ìyàwó rẹ̀ sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹ dá a bí ó bá ṣe tọ́ lójú yín.